Èsì: Àsíá onísequin fún Dessalines

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ béèrè bí àwọn ará Háítì tó wà ní Brooklyn, ní New York, ṣe lè fi àsíá onísequin (aṣọ tí a fi ìpẹ́pẹ́ dídán kéékèèké oníhò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́) yẹ́ Jean-Jacques Dessalines, olórí tó kéde òmìnira Háítì, sí, àti ìdí tí tiyín fi ń súnkì.

Férémù ni ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ na aṣọ kọ́tìnnì sórí férémù onígi kó le bí awọ ìlù, kí ẹ tó fi pẹ́ńsùlù yàwòrán. Bó bá dẹ̀, gbogbo òwú tí ẹ bá fà ni yóò máa kó o jọ. Ẹ má yọ ọ́ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ẹ ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láti abẹ́ wá sókè, ẹ kó sequin kan, ẹ kó ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lé e, kí abẹ́rẹ́ sì gba ihò sequin náà padà sísàlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ló ń dì í mú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ tóbi ju ihò náà lọ. Ẹ máa ta kókó lẹ́yìn márùn-ún márùn-ún, kí òwú má baà já kí gbogbo ìlà tú.

Ní ti àwọ̀, búlúù àti pupa ni ti àsíá tí wọ́n gbà ní Arcahaie, ìlú kan ní Háítì, ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1803. Dúdú àti pupa ni òfin Dessalines ti 1805. Dúdú àti pupa ni mo fara mọ́. Àwọn ẹlẹ́sìn Vodou, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Háítì, ń bọ Dessalines gẹ́gẹ́ bí Ogou Desalin, Ògún tiwa náà sì ni orísun Ogou. Nínú àwòrán yín, ẹ fún un ní àdá lọ́wọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde ní Rogers Avenue, òpópónà Brooklyn tí wọ́n fi orúkọ Dessalines kún tirẹ̀ ní 2018, ẹ rán ojú ọ̀pá (ibi tí ọ̀pá yóò gbà kọjá) sókè àsíá náà kí ẹ tó fi sátíìnì bo ẹ̀yìn. Sequin wúwo, etí lásán yóò ya.