Ọjọ́ ìsinmi: ta ló yẹ kó sinmi?

Ẹ ní kí n sọ ohun tí ọjọ́ ìsinmi jẹ́ gan-an nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, nítorí oníwàásù kan sọ fún yín pé Ọlọ́run ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ sùn. Ó rẹ Ọlọ́run kẹ̀? Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu dá ayé, ẹrù wo ló rù? Èmi náà ti gbọ́ àlàyé yìí lórí rédíò, ara mi kì í gbà á.

Ọ̀rọ̀ Hébérù tí wọ́n lò, ṣábátì, kò bá oorun tan. Kí èèyàn dáwọ́ dúró ni. Fáráò lo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ kan náà nínú Ẹ́kísódù orí 5, nígbà tó ń bínú pé Mósè àti Áárónì fẹ́ kí àwọn ẹrú òun dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Kí ló ṣe? Ó ní kí wọ́n má fún wọn ní koríko tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì mọ́, iye bíríkì kò sì gbọ́dọ̀ dín. Ó tún pè wọ́n lọ́lẹ. Ibẹ̀ ni mo ti mú àlàyé tèmi, n kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: nítorí ẹrú ni Ọlọ́run ṣe ṣòfin ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ ṣí Diutarónómì orí 5. Ẹ́kísódù orí 20 ní torí pé Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé ló ṣe ní ká pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Níbí, ìdí mìíràn ló wà: rántí pé ìwọ náà ti ṣẹrú rí ní Íjíbítì. Ó ka ọmọ, ẹrúkùnrin, ẹrúbìnrin, màlúù, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, títí kan àlejò, ó wá ní kí ẹrú rẹ lè sinmi bí ìwọ náà.

Àwọn àgbà wa ní, "Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Olówó ẹrú ni wọ́n ń bá wí: ẹni tí ò ń lé kiri yìí, wọ́n pọ̀n ọ́n rí, wọ́n kì í ní oríkì rí. Mósè, tó sọ ọ̀rọ̀ Diutarónómì yẹn, wá gba ẹ̀yìn òwe náà wọlé. Tiwa ní ẹrú ti ṣọmọ rí. Tirẹ̀ ní ọmọ ti ṣẹrú rí. Ẹni tó bá gbọ́ méjèèjì pọ̀, ṣé yóò tún lè jókòó kó máa rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?

Ẹ́kísódù orí 31 tún ní ní ọjọ́ keje, Ọlọ́run dáwọ́ dúró, ara rẹ̀ sì tù ú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún ìtura yẹn bá èémí tan ní èdè Hébérù; òun náà ni wọ́n lò ní orí 23 fún ọmọ ẹrúbìnrin àti àlejò. Mo máa ń gbọ́ "mí" nínú "sinmi" tiwa náà. Ohùn wọn kò dọ́gba, mo mọ̀, kí onímọ̀ èdè má bá mi jà.

Sátidé ni àbí Sọ́ńdè? Ìjà yẹn kì í dùn mọ́ mi. Àwọn oníjọ Adventist tó dé Ẹ̀rúnmú nítòsí Ìbàdàn ní 1914 di Sátidé, ọjọ́ keje, mú. Ìjọ tó pọ̀ jù mú Sọ́ńdè, ọjọ́ àjíǹde, Constantine, olú ọba Róòmù, sì fi òfin ìjọba tì í lẹ́yìn ní 321. Èyí tó kàn mí ni Lúùkù orí 13. Ẹ̀yìn obìnrin kan ti tẹ̀ fún ọdún 18, Jésù wò ó sàn lọ́jọ́ ìsinmi, inú bí olórí sínágọ́gù. Jésù ní: ẹ ń tú màlúù yín lórí ìso lọ́jọ́ ìsinmi kó lè mumi, ṣé kò yẹ kí a tú obìnrin yìí náà?

Ẹ wá wo ilé àwa onígbàgbọ́ òde òní. Ìyáálé ilé ti wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti aago méje. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà nílé, ó ń fọṣọ, ó ń lọ ata, ó ń ṣọ́ ọmọ, kí ọbẹ̀ lè gbóná de àwọn tó lọ yin Olúwa. Wọn yóò dé, wọn yóò ní àwọn pa ọjọ́ Olúwa mọ́!

Nílé ìyá ìyá mi, ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ti ń se ọbẹ̀ Sọ́ńdè, tí wọ́n á sì dojú odó bolẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń bá wọn gbé á wọ aṣọ tó dára, bẹ́ńṣì kan náà la jọ ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá dọ̀sán, á na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwa ọmọdé bá pè é pé kó wá bu omi wá, màmá àgbà á ti pariwo láti inú yàrá: "Ṣé ọwọ́ tìẹ rọ ni? Fi í sílẹ̀, ọjọ́ tirẹ̀ náà ni!"