Ṣé kọ̀ǹpútà lè bá mi ka plankton inú omi Opa?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí n'Ífẹ̀ níbí, plankton, ìyẹn àwọn ohun alààyè tíntìntín tó ń léfòó nínú omi dáàmù Opa, ni mo fi ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì. Àtàárọ̀ ni mo máa ń tẹrí ba sídìí maikirosikóòpù, ọrùn ń ro mí, ojú ń ta mí, tí mo bá sì ka ẹyọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì iye ẹ̀ kì í bára mu. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ya fọ́tò kí kọ̀ǹpútà máa kà á. Ṣé kì í ṣe pé ó ń tàn mí?

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Kò tàn ẹ́ o. Iye tí ò bára mu yẹn gan-an, má jẹ́ kó dójú tì ẹ́, torí olùwádìí kan tó ń jẹ́ Culverhouse àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dán àwọn tó mọṣẹ́ dídá plankton mọ̀ wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2003, ẹni kan náà tún wo nǹkan tó ti wò tẹ́lẹ̀, ìdá 67 sí 83 nínú 100 péré ló tún pè ní orúkọ tó kọ́kọ́ pè é.

Ní Woods Hole, ilé ìwádìí òkun kan l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Imaging FlowCytobot, inú òkun ni wọ́n ń gbé e sí, á máa fa omi, á máa ya fọ́tò plankton inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdíje kan sì wà lórí Kaggle, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi kíkọ́ kọ̀ǹpútà díje, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, fọ́tò plankton tó lé ní 30,000, èèyàn ló fọwọ́ pín in sí oríṣi 121 kí kọ̀ǹpútà lè fi kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí omi òkun nìyẹn, ti Opa ò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ nìkan lo fi hàn án, tí o bá gbé gbúre fún un á ṣáà fi sí ọ̀kan nínú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe, kì í sọ pé òun ò mọ̀ àfi tí o bá kọ́ ọ. Rotifer (ẹranko tíntìntín inú omi) tó bá ti ká jọ nínú formalin, oògùn tí a fi ń pa á mọ́ kó má bàjẹ́, ìdọ̀tí ló máa pè é. Microcystis (bakitéríà aláwọ̀ ewé inú omi) tó ṣù pọ̀, ẹyọ kan ló máa kà á sí, jàre.

Fóònù tí o gbé lé ojú maikirosikóòpù náà ń ṣiṣẹ́, má kàn yí zoom padà láàárín. Tó bá jẹ́ Sedgewick-Rafter, àwo gíláàsì tí a fi ń ka plankton, lò ń lò, 1 ml pín sí 1,000 ojú, tí o bá ya 100, fi mẹ́wàá sọ iye tí o kà di púpọ̀ kó tó jẹ́ ti 1 ml, kọ̀ǹpútà ò ní rán ẹ létí.

Kọ́kọ́ fọwọ́ ara ẹ pín 200 fọ́tò, yọ 50 pamọ́ kó má rí i, tó bá kọ́ṣẹ́ tán o wá fi ìyẹn dán an wò. Fọ́tò ò sì ní gbẹ bí omi orí slide, tí súpáfáísọ̀ bá ní irọ́ ni, ṣí i kó wò ó.