Etí ló ń sọ ibi tórí kọjú sí

Ẹ̀gbọ́n, mo rí ìbéèrè yín, pé báwo lẹ ṣe ń jí lóru níná ò sí tẹ́ ẹ sì mọ apá ibi tílẹ̀kùn wà. Etí ni o. Nínú etí lọ́hùn-ún, páìpù kéékèèké mẹ́ta ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, omi wà nínú wọn, tẹ́ ẹ bá ti yí orí báyìí omi yẹn á kọ́kọ́ lọ́ra, á wá tẹ irun tín-ín-tín tó wà níbẹ̀, ibẹ̀ lọpọlọ ti ń mọ bẹ́ ẹ ṣe yára yí tó, á sì máa rò ó pọ̀ títí á fi mọ ibi tẹ́ ẹ kọjú sí.

Sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ wà fún un nínú ọpọlọ. Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, James Ranck, rí wọn lára eku ní 1984: teku bá kọjú sí apá kan, sẹ́ẹ̀lì kan á máa ṣiṣẹ́ kíkan, tó bá yí kúrò, ó dákẹ́. Tí wọ́n bá wá ba ibi etí yẹn jẹ́, sẹ́ẹ̀lì yẹn ò mọ apá kankan mọ́, bójú tiẹ̀ ń ríran! Ìyẹn yà mí lẹ́nu gan-an.

Àmọ́ ó dìgbà tí yíyí ò bá pẹ́. Ẹ jókòó sórí àga tó ń yí, ẹ dijú, kẹ́nì kan máa yí yín ní eré kan náà fún ìṣẹ́jú kan, omi á bá orí dọ́gba, ẹ ó rò pé ẹ ti dúró. Tó bá wá dúró lóòótọ́, á dà bíi pé ẹ ń yí padà sódì kejì. Nínú òkùnkùn náà, àṣìṣe kéékèèké á máa kó jọ, ẹ ṣáà fọwọ́ kan nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀, bí etí bẹ́ẹ̀dì, ọpọlọ á tún un ṣe.