Àwòrán Monet: ọkọ̀ tí wọ́n ń háyà ni kí ọmọ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Wọ́n ní kí ọmọ mi, ọmọ ọdún 14, ṣe àdàkọ Bathers at La Grenouillère (àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní La Grenouillère), àwòrán tí Monet, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, yà ní 1869, kí ó sì kọ̀wé lé e lórí. Ó kọ ọ́ pé àwọn olówó ń gbafẹ́ létí odò. Olùkọ́ ní kò tó. Omi tó kùn sì dà bí ẹrẹ̀. Kí ni kó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ mú un lọ wo ojúlówó rẹ̀ ní National Gallery ní London, ọ̀fẹ́ ni. Kí ló gba iwájú àwòrán náà? Ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n so mọ́lẹ̀, tó ń dúró de ẹni tó máa háyà rẹ̀. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ wà lẹ́yìn, orí wọn ò ju ẹ̀kán ọ̀dà lọ. Ibi òwò ni Grenouillère, pẹ̀lú ilé oúnjẹ tó léfòó lórí odò Seine. Ọkọ̀ ojú irin láti Paris ló sọ ọ́ di ibi àríyá. Àtakọ̀wé àtolówó ló ń lọ síbẹ̀. Monet ní tirẹ̀ ò rí búrẹ́dì jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn: Renoir, ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ya ibẹ̀, ló ń gbé e wá fún un láti ilé. Ẹ jẹ́ kó kọ ìyẹn, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Ní ti ẹrẹ̀, ọmọ yín ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ọ̀dà tútù síwá sẹ́yìn ni, gbogbo àwọ̀ sì ń pò mọ́ra. 73 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 92 ní fífẹ̀ ni àwòrán náà, nítorí náà kó fa ìlà onígun mẹ́rin, sẹ̀ǹtímítà 24 ní gíga, 30 ní fífẹ̀, sórí ìwé A3. Kó fi ọ̀dà ákírílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ ewé tó ṣú, bo gbogbo ojú omi, kó jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, búrọ́ọ̀ṣì pẹlẹbẹ, sẹ̀ǹtímítà kan ní fífẹ̀: kó fà á ní ìbú lẹ́ẹ̀kan, kó gbé e sókè, kó má padà síbẹ̀. Nítòsí ọkọ̀, kí ìlà náà gùn, kó nípọn. Lọ́ọ̀ọ́kán, kó kéré bí ẹyọ ìrẹsì. Kó fi àkísà nu búrọ́ọ̀ṣì kó tó mú àwọ̀ mìíràn. Funfun ló kẹ́yìn. Àwọn tó dúró lórí pákó, ìlà mẹ́ta mẹ́rin ti tó ẹnì kan. Bó bá ti fi ojú àti imú sí i, kò sẹ́ni tó máa wo omi mọ́.