Ìwé tuntun ò yọjú lórí tablet mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo so áàpù tí mo fi ń kàwé mọ́ Google Drive (ibi tí Google ti ń bá èèyàn tọ́jú fáìlì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), àmọ́ ìwé tí mo fi sórí fóònù kì í dé orí tablet mi. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá Drive yín ti kún, torí àyè 15 GB ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni, Gmail àti Photos náà ń jẹ nínú ẹ̀, tó bá sì ti kún kò ní gba fáìlì kankan mọ́. Bí àyè bá ṣì wà, ṣé ímeèlì kan náà lẹ fi wọlé lórí méjèèjì? (Èmi náà ti ṣèèṣì fi ímeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wọlé rí.) Battery saver, ìyẹn ètò tó ń dín bátìrì tí fóònù ń jẹ kù, náà máa ń dá áàpù dúró. Ẹ má tíì yọ áàpù yẹn kúrò o, àwọn ibi tẹ́ ẹ fàlà sí nínú ìwé yín lè bá a lọ.