Ọmọ wa fẹ́ mú wa wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́: ṣé a nílò físà?

Ìbéèrè

Àsàláámù àlékúmù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, bàbá àwọn ọmọ náà sì ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè tipẹ́. Ọmọ wa tó ń gbé ní Manchester fẹ́ mú àwa méjèèjì wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lóṣù Kẹsàn-án, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ọ̀sẹ̀ kan ni. Barcelona ni a ó ti wọ̀ ọ́; yóò dé Marseille, Genoa, Naples àti Palermo, yóò yà sí Tunis, yóò sì dá wa padà sí Barcelona. Ó ní a kò nílò físà torí pé inú ọkọ̀ ni a ó máa sùn, ó sì ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni ẹ̀dínwó máa parí. Ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá wọ mọ́tò lọ sí Èkó, mo máa ń bì. Orúnkún ń dun bàbá, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Báwo ni oúnjẹ àti ìrun kíkí yóò ṣe rí fún àwa Mùsùlùmí? Èló ni kí a mú dání?

Ìdáhùn

Wa àlékúmù sàláámù, Ìyá wa. Ẹ kú oríire ọmọ. Ọ̀rọ̀ físà ni màá ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù, kí ọkọ̀ tó ṣí rárá.

Ẹ nílò físà. Pé inú ọkọ̀ lẹ ó máa sùn kò yọ yín sílẹ̀. Ọmọ yín kò purọ́ fún yín. Bí pásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń béèrè físà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwọn èbúté wọ̀nyẹn. Àwọn tó ti wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ títí tó fi mọ́ wọn lára, tí irú òun máa ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu wọn, ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ yàrá tí ariwo kì í dé, wọ́n mọ ìgbà tí èrò kì í pọ̀ nílé oúnjẹ, ìmọ̀ràn wọn sì wúlò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ojú mìíràn ka ìwé ìrìnàjò kan náà. Èbúté kọ̀ọ̀kan ni kó máa wò: ta ló ni ilẹ̀ yìí, kí ni wọn yóò sì fẹ́ rí lọ́wọ́ mi?

Ẹ jẹ́ ká ka tiyín bẹ́ẹ̀. Spéènì, Faransé àti Ítálì wà nínú àdéhùn Schengen, físà kan ṣoṣo ló kárí wọn. Tùnísíà kò sí níbẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní Palermo tó kọrí sí Tunis, ẹ ti jáde ní Schengen nìyẹn. Tó bá padà dé Barcelona, ẹ tún ń wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Bí físà yín bá jẹ́ ti àwọlé ẹ̀ẹ̀kan, Palermo ló parí sí. Tọkọtaya kan láti Òmù-Àràn wá bá wa lẹ́yìn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí wọn. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé èrò wò ní èbúté ni wọ́n ti dá wọn dúró, torí pé àwọn tó ni ọkọ̀ rí i pé wọn kò ní lè padà wọlé. Àwọn ọmọ bá ọkọ̀ lọ, hòtẹ́ẹ̀lì ni àwọn àgbàlagbà náà wà títí tí wọ́n fi dé, owó wọn kò sì padà. Nítorí náà, físà àwọlé-léraléra ni kí ẹ béèrè. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín gbangba pé ọkọ̀ máa yà sí Tunis, kí ẹ sì fi ìwé tó to àwọn èbúté náà lẹ́sẹẹsẹ mọ́ ọn.

Ní ti Tùnísíà fúnra rẹ̀, kí ọmọ yín kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kí ó béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ pé kò ní sọ̀kalẹ̀. Ìwé ni kó gbà lọ́wọ́ wọn o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde mú dání.

Ọ̀dọ̀ ta lẹ ó ti gba físà Schengen yìí? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Spéènì, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ni; bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ ó kọ́kọ́ wọ̀ ni. Nínú ìrìnàjò yín, Ítálì ló ni èbúté mẹ́ta. Bí ẹ bá dé Barcelona lówùúrọ̀ tí ẹ wọ ọkọ̀ lọ́sàn-án, Ítálì ló borí. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sùn sí Barcelona fún òru mẹ́ta, Spéènì ló borí. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa kí ẹ tó gba déètì ní Èkó tàbí Àbújá, torí wọ́n lè dá ìwé padà tí ẹ bá gbé e lọ síbi tí kò yẹ. Tèmi ni pé kí ẹ sùn sí Barcelona ṣáájú. Ọkọ̀ òfurufú tó bá pẹ́ kó tó gbéra ní Ìlọrin lè mú kí ẹ pàdánù èyí tó ń lọ láti Èkó, ọkọ̀ ojú omi kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Wọn kì í gba ìwé bó bá ju oṣù mẹ́fà lọ ṣáájú ìrìnàjò, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ tó dín sí 15. Yúrò 90 ni owó físà àgbàlagbà láti oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń dáhùn, ó sì lè di 45. Adójútòfò ìlera tó kárí ó kéré tán 30,000 yúrò pọn dandan. Ẹ rí i pé ó kárí Tunis àti orí omi náà, kí ẹ sì sọ ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá fún wọn nígbà tí ẹ bá ń rà á, torí bí ẹ bá fi pamọ́, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó lọ́jọ́ ìṣòro. Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ sì ń fẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí tiyín bá ti ń lọ sópin, ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù ní Ìlọrin ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù gan-an ni kí ọmọ yín kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, kó má fi Àlàájà kún un, kó má sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín nílé.

Ẹ̀dínwó ọjọ́ Jímọ̀ kò tó ohun tí ẹ ó tìtorí rẹ̀ sáré. Ẹ̀dínwó máa ń padà wá. Ohun tí màá fẹ́ kí ọmọ yín béèrè kó tó san kọ́bọ̀ ni bóyá wọn yóò dá owó padà tí wọ́n bá kọ físà yín, àti títí di ọjọ́ wo. Bí èsì kò bá dára, ọkọ̀ mìíràn wà ní òkun kan náà tí kì í ya Tunis rárá.

Ó dára, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti èébì. Òkun Mẹditaréníà lóṣù Kẹsàn-án sábà máa ń rọ̀, kò dà bí Bay of Biscay tí àwọn tó ń gbéra láti Southampton lọ sí Spéènì máa ń là kọjá. Ọkọ̀ ńlá náà tún ní apá bíi lẹbẹ ẹja lábẹ́ omi, lọ́tùn-ún àti lósì, tí kì í jẹ́ kó fì púpọ̀. Síbẹ̀, ibi tí yàrá yín bá wà ṣe kókó. Ọkọ̀ máa ń fì jù níwájú, lẹ́yìn àti lókè pátápátá. Àárín gbùngbùn, ní ìsàlẹ̀, ni ẹni tó bá ń bì ti ń sinmi. Yàrá òkè tó ní fàráǹdà ni ọmọ máa ń fẹ́ rà fún òbí torí ó wuyì. Ẹ sọ fún un pé àárín lẹ fẹ́, lẹ́bàá lífítì, torí orúnkún bàbá. Bí ó bá ti ń yọ yín lẹ́nu, ẹ jáde síta síbi atẹ́gùn, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí omi àti ojú ọ̀run ti pàdé. Ẹ má ka ìwé, ẹ má wo fóònù. Atalẹ̀ máa ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Oògùn bíi promethazine àti cinnarizine wà, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yín ni ẹ sì gbọ́dọ̀ lò ó, ṣùgbọ́n dókítà ni kó kọ ọ́ fún yín. Ó máa ń kun èèyàn lóorun, àgbàlagbà tó ń tòògbé sì lè ṣubú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún bàbá lára tiyín. Irú oògùn yẹn lè dí ìtọ̀ mọ́ ọkùnrin tí próstéètì rẹ̀ bá ti wú. Gbogbo oògùn yín àti ti bàbá, inú báàgì ọwọ́ ni kí ó wà. Wọ́n máa ń gba ẹrù ńlá ní èbúté, ó sì lè di alẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé yàrá yín.

Ní àwọn èbúté yín, ọkọ̀ máa ń gúnlẹ̀ sí èbúté gan-an ni, bàbá á rìn jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo: ní Santorini, erékùṣù kan ní Gíríìsì, ọkọ̀ á dúró sáàárín omi, ọkọ̀ kékeré á wá kó èrò. Orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé kì í sì í ṣe ibi tí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ nígbà mìíràn. Tunis tiyín, La Goulette ni. Ẹni tí wọ́n bá kọ Róòmù fún, Civitavecchia ni, ó sì jìnnà sí Róòmù ju Ọ̀fà sí Ìlọrin lọ. Ní Naples, wọn á fẹ́ kó yín lọ sí Pompeii, ìlú àtijọ́ tó ti di ahoro. Ibẹ̀ dára, àmọ́ òkúta gbágungbàgun ni ojú ọ̀nà rẹ̀. Kí bàbá jókòó.

Ohun kan wà nípa Tunis tí màá fẹ́ kí gbogbo ilé yín mọ̀. Aago Tunis àti ti Nàìjíríà ọgbọọgba ni, nígbà tí aago Spéènì àti Ítálì máa ń fi wákàtí kan ṣíwájú lóṣù Kẹsàn-án. Fóònù lè yí ara rẹ̀ padà sí aago Tunis tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, kí aago inú ọkọ̀ má yí. Ẹni tó bá gbọ́kàn lé fóònù á pẹ́ ní wákàtí kan gbáko. Aago ọwọ́ tí ẹ fi ti ọkọ̀ sí ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá gba ìrìn àjò orí ilẹ̀ tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò, tí bọ́ọ̀sì yín sì pẹ́, ọkọ̀ á dúró. Bí ẹ bá dá tiyín ṣe, kò ní dúró.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò pe gbogbo èrò sí ìdánrawò ìgbà ewu. Ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín débi tí ẹ ò ní lọ. Ọkọ̀ Costa Concordia forí sọ àpáta ní etí erékùṣù Giglio ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, èèyàn 32 kú, àwọn èrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ ní Civitavecchia kò sì tíì ṣe ìdánrawò kankan. Láti ọdún 2015, òfin ti ní kí wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ tó ṣí tàbí lójú ẹsẹ̀ tó bá ṣí. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì ewu. Ẹ bi wọ́n léèrè níbẹ̀ pé ta ni yóò ran bàbá lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn, torí lífítì kì í ṣiṣẹ́ fún èrò nírú àkókò bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ àti ìrun kò ṣòro. Ọmọ yín ni kó kọ̀wé ṣáájú pé hàlálì lẹ ń jẹ, kí ó tún ní iyọ̀ díẹ̀ ni kí wọ́n fi sí ti bàbá. Bí ẹran kò bá dá yín lójú, ẹja pọ̀, ẹyin pọ̀. Ẹ ṣáà bèèrè bóyá ọtí wà nínú ọbẹ̀, torí wáìnì ni wọ́n fi ń se òmíràn. Kíbílà ni ẹ ó máa ṣọ́. Ní Ìlọrin, ìlà-oòrùn tó tẹ̀ díẹ̀ sí àríwá là ń kọjú sí; ní Naples, àárín ìlà-oòrùn àti gúúsù ni. Ọkọ̀ náà á sì tún máa yí. Ẹ lọ bá àáfà yín kí ẹ tó gbéra, kí ó ṣàlàyé ìrun arìnrìn-àjò àti ìrun ẹni tó jókòó. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun, torí kòkòrò norovirus tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì nínú ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kú sí jẹ́ẹ̀lì ọwọ́.

Ní ti owó, wọn kì í ná owó lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Káàdì tí wọ́n bá fún yín ni ẹ ó máa nà, wọ́n á sì gba gbogbo rẹ̀ lórí káàdì báǹkì kan. Kí ọmọ yín so tiyín mọ́ tirẹ̀. Káàdì náírà máa ń fa wàhálà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń fi owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kún un lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó bèèrè bóyá ó ti wà nínú owó tó san. Yúrò díẹ̀ fún orí ilẹ̀ ti tó yín. Ẹ fi fóònù sí airplane mode tí ọkọ̀ bá ti ṣí, torí owó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ojú òkun gọbọi ni.

Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gbé nǹkan dání fún àwọn ọmọ-ọmọ. Yúróòpù kì í gba ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe lọ́wọ́ arìnrìn-àjò láti ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà wàrà Ìlọrin àti kílíṣí kò gbọdọ̀ sí nínú ẹrù yín, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ náà kì í sì í gba oúnjẹ tí a sè nílé. Ohun ìpanu tí ilé iṣẹ́ dì, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tú, ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ kó kọjá.