Kí áyọ́ọ̀nù tó kan ìlà tí o fà sára aṣọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, iṣẹ́ ọnà ọwọ́ ni mo ń ṣe sọ́rùn agbádá. Mo fi báírò búlúù tó máa ń parẹ́ ya ọnà sórí gíní funfun, mo rán an tán, mo wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ ọ́ kí ìlà yẹn lè kúrò, ló bá di àwọ̀ tíì. Ṣé kí n fi háípò sí i? Báírò wo ló sì dáa jù mà?

Ìdáhùn: Má fi háípò kàn án o, jọ̀ọ́. Gbé áyọ́ọ̀nù náà sílẹ̀ ná.

Báírò tó dáa jù kọ́ ló kàn, àbúrò mi. Báírò yẹn ò ṣe nǹkan kan fún ẹ, áyọ́ọ̀nù ló bà á jẹ́. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, láti Ọjà Akẹ̀sán níbí títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́hùn-ún, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń ṣe fídíò tí wọ́n ń sọ fún ọmọ kọ́ṣẹ́ pé ìlà yòówù tó bá fà, kó ṣáà ti gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó máa lọ. Irọ́ ni! Ohun tó ń pa báírò kan rẹ́ gan-an ló ń mú òmíì dúró pa sínú aṣọ.

Búlúù tìẹ yẹn, omi ló ń pa á rẹ́. Omi tútù lásán, láìsí ọṣẹ, torí ooru àti ọṣẹ ìfọṣọ lè mú un gan mọ́ òwú aṣọ, òun ló ń di àwọ̀ tíì yẹn. Má sì rò pé kí o kàn ki tówẹ̀lì bọ omi kó o fi nù ún ti tó, omi díẹ̀ báyẹn kàn máa ń ti íńkì náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, tó bá gbẹ wàá tún rí i níbòmíì. Ṣe ni kó o ri gbogbo aṣọ náà sómi.

Èyí tí ooru ń pa rẹ́ wà lóòótọ́, Frixion tí ilé iṣẹ́ Pilot ti Japan ń ṣe ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀, fún ìwé sì ni wọ́n ṣe é. Tí ooru bá ti tó bíi 60 lórí ìwọ̀n Celsius, àwọ̀ rẹ̀ á pòórá lójú. Lójú ni mo wí o, íńkì náà ṣì wà nínú aṣọ, tí òtútù bá wá já wálẹ̀ kọjá òdo débi -10 sí -20, ó lè tún yọ padà. Ọyẹ́ ilẹ̀ wa ò lè débẹ̀ láéláé, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń búra pé ó ti lọ, ṣùgbọ́n agbádá tó o rán fún ẹni tó máa wọ̀ ọ́ ní Kánádà lóṣù kìíní ńkọ́? Lórí aṣọ dúdú ẹ̀wẹ̀, ó lè fi ipa funfun sílẹ̀ lẹ́yìn áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gé àǹkárá wẹ́wẹ́ pọ̀ fún aṣọ ìbora, tẹ́ ẹ ń lọ gbogbo ojú rírán bẹ́ ẹ ti ń rán an, ìlà yín á ti pòórá kẹ́ ẹ tó lò ó.

Báírò aláwọ̀ àlùkò tún wà, afẹ́fẹ́ ló ń pa á rẹ́, wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ méjì, nígbà òjò ó tún ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò dáa fún iṣẹ́ ọwọ́ tó ń gba ọ̀sẹ̀. Òun náà, má lọ ọ́ kó tó pòórá.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń sá fómi, gíní tó bá ti wọ omi, dídán rẹ̀ á dínkù, kọ́sítómà á ní ẹ ti fọ aṣọ òun. Ó dáa, ẹ má fi báírò olómi sàmì sí gíní nígbà náà. Ṣọ́ọ̀kì télọ̀ tó jẹ́ amọ̀ ni kẹ́ ẹ lò, búrọ́ọ̀ṣì lásán ló ń gbọ̀n ọ́n kúrò. Ẹ fi èékánná ha á kẹ́ ẹ tó rà á, tó bá ń di ìyẹ̀fun, amọ̀ ni, ṣùgbọ́n tó bá ń ká bí àbẹ́là, ẹ dá a padà, áyọ́ọ̀nù á yọ́ ọ sínú aṣọ, á dà bí epo. Aṣọ dúdú, èérún ọṣẹ funfun tó ti gbẹ ti tó. Aṣọ òfì tí àwọ̀ rẹ̀ lè ṣí nínú omi, ẹ kúkú fi abẹ́rẹ́ àti òwú gán ìlà náà, kẹ́ ẹ tú u tẹ́ ẹ bá parí. Ó ń gba àsìkò o, ṣùgbọ́n kò ní ba yín láṣọ jẹ́.

Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fà á sára èékù aṣọ yẹn gan-an, ẹ jẹ́ kó pẹ́ bí iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́, kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí lè yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ẹ̀.

Tìẹ wàyí. Ri gíní náà sínú abọ́ ńlá olómi tútù mọ́jú, pààrọ̀ omi rẹ̀, má fi ọṣẹ kankan sí i, sá a síbòòji, wò ó, tún ṣe é. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò kúrò, èyí tí ooru bá ti mú, nígbà míì kì í lọ mọ́. Háípò lè ṣí àwọ̀ òwú ọnà rẹ, ó sì lè sọ gíní di pupa rúsúrúsú, tó bá jẹ́ sílíkì ni á jẹ ẹ́ run. Ẹni tó bá ní kó o fi pẹtiróòlù nù ún, má dá a lóhùn, iná ni. Tí kò bá lọ, wá irú òwú kan náà, fẹ ọnà yẹn jáde díẹ̀ kó bo ìlà náà, kó o sì sọ fún olówó aṣọ kó tó wá gbé e, má jẹ́ kó jẹ́ òde ló ti máa rí i.